Bí rábì ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sábáàtì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà tí rábì bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ rẹ̀ ni pé yóò kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀, yóò dìde, yóò sì máa dárúkọ ènìyàn títí ebi yóò fi máa pa àwọn tó jókòó. Nígbà tó bá fi máa ṣe tán, orúkọ ẹnì kan tó gbàgbé ni gbogbo ilé á máa rò. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àdúrà àwọn Júù, tí wọ́n ń pè ní siddur, ti fi àyè sílẹ̀ fún ọpẹ́ níbi púpọ̀. Kí rábì mọ àwọn àyè náà, kó fi ọpẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀, kó sì dín ọ̀rọ̀ ẹnu kù.

Ìdí ni pé nínú ẹ̀sìn Júù, ẹnì kan kì í dá ọpẹ́ ṣe. Ẹ wo ẹbọ ọpẹ́ inú Léfítíkù orí 7, èyí tí Hébérù ń pè ní todah. Búrẹ́dì 40 ló ń bá ẹran rẹ̀ rìn: 30 aláìwú ní oríṣi mẹ́ta, àti 10 tó ní ìwúkàrà. Àlùfáà á mú ẹyọ kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4, á wá ku 36 àti ẹran fún ẹni tó mú ẹbọ wá. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán, àwọn ọlọ́gbọ́n sì fi òpin rẹ̀ sí ọ̀gànjọ́ òru. Ikùn ta ló lè gba ìyẹn? Rábì Naftali Zvi Yehuda Berlin, tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ Volozhin ní ọ̀rúndún 19, ṣàlàyé pé ohun tí Tórà, ìwé Mósè márùn-ún, ń wá gan-an nìyẹn: oúnjẹ pọ̀, àkókò kúrú, kí ẹni tó ń dúpẹ́ má rí ọ̀nà àbáyọ mìíràn ju kó pe ènìyàn jọ, kí wọ́n jẹun, kó sì ròyìn oore tí a ṣe fún un. Láti ìgbà tí Tẹ́ńpìlì ti wó ní ọdún 70, kò sí ẹbọ mọ́, ṣùgbọ́n ìjọ ṣì wà, tábìlì sì wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú

Ẹ mú ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ẹlòmíràn. Bí ìdílé kan bá ní bar mitzvah, ayẹyẹ ọmọkùnrin tó pé ọdún 13, ní Sábáàtì yẹn, àwọn ló ni ín. Ẹ má bá wọn dù ú. Ó lè jẹ́ pé rábì pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí pé ó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, tàbí pé òun àti àwọn tó ń bá a kẹ́kọ̀ọ́ parí ìwé kan nínú Talmud, àkójọ ńlá òfin àti ìjíròrò àwọn rábì àtijọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí la fẹ́ràn jù, nítorí ó ní ètò tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní siyum. Wọ́n á ka ìlà tó parí ìwé náà sókè, wọ́n á sì ka Hadran, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ fún ìwé fúnra rẹ̀ pé «a ó tún padà sọ́dọ̀ rẹ». Lẹ́yìn náà ni Kaddish, àdúrà ìyìn tí ọmọ tún máa ń kà fún òbí tó kú; irú èyí ń tọrọ àlàáfíà fún àwọn olùkọ́, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Rábì tó bá dúpẹ́ lọ́nà yìí kò ní láti wá ọ̀rọ̀ kiri.

Ẹ bá ẹni mẹ́ta sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: gabbai, tí í máa pe àwọn ènìyàn sídìí Tórà, ẹni tó ń bójú tó ilé ìdáná, àti akápò. Ọ̀rọ̀ akápò kò gùn. Ẹ sọ fún un pé owó oúnjẹ ọjọ́ náà ń bọ̀ láti àpò rábì. Bí owó bá ti inú àpò ìjọ jáde, ìjọ ló ra ọpẹ́ fún ara rẹ̀ yẹn. Bí apá rábì kò bá ká oúnjẹ ńlá, kó ṣe kékeré. Wáìnì àti kéèkì tó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ àwọn tí ọpẹ́ tọ́ sí sílẹ̀. Ẹ má fi orí lásán kọ ọ́. Nínú siddur àwọn Ashkenazi, àwọn Júù tí orírun wọn jẹ́ Yúróòpù, lẹ́yìn kíka Tórà àti ìwé wòlíì ní òwúrọ̀ Sábáàtì, àdúrà kan wà fún ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mi sheberakh, «Ẹni tó bùkún fún àwọn baba wa». Ó ka àwọn ènìyàn níkọ̀ọ̀kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn: àwọn tó ń pèsè fìtílà fún ìmọ́lẹ̀, wáìnì fún Kiddush (àdúrà tó ń ya Sábáàtì sí mímọ́) àti Havdalah (èyí tó ń parí rẹ̀), oúnjẹ fún àlejò, ìtọrẹ fún tálákà, àti gbogbo ẹni tó ń fi òtítọ́ inú ṣe iṣẹ́ ìlò ìjọ. Ẹ kọ ìsọ̀rí márààrún yìí sórí ìwé, kí ẹ wá kọ orúkọ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ta ló ń pààrọ̀ gílóòbù tó bá jó? Ta ló ń ra wáìnì? Ilé ta ni àlejò tó bá yà lójijì ti ń jẹun? Ẹ ó rí i pé sábẹ́ ìsọ̀rí ìkẹyìn ni orúkọ máa ń pọ̀ jù sí, àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dá ló pọ̀ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú àdúrà yìí tó yẹ kó wọ rábì lọ́kàn: ẹni tó bá ń dá gbàdúrà nínú ilé rẹ̀ kì í kà á. Láìsí ìjọ, kò sí ẹni tí a lè kà á fún.

Orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í ṣe fún kíkà lórí pẹpẹ. Ẹ fi ọwọ́ kọ lẹ́tà kékeré sí ìkọ̀ọ̀kan wọn, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó tó wọn lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, nítorí a kì í kọ̀wé ní Sábáàtì. Iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ dárúkọ lórí pẹpẹ, ẹ má dárúkọ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹni tí a fò dá, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà á sì mọ ara rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́wàá

Ohun tó lè ba gbogbo ètò yìí jẹ́ ni kí ènìyàn mẹ́wàá, ìyẹn minyan, má pé. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kò sí Kaddish, kò sí kíka Tórà pẹ̀lú ìbùkún rẹ̀, kò sí àtúnkà Amidah, olórí àdúrà tí wọ́n ń kà ní ìdúró, kò sì sí ìbùkún ọpẹ́ tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Láàárín àwọn Orthodox, ẹ̀ka Júù tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, ọkùnrin tó ti pé ọdún 13 ni wọ́n ń kà. Ẹ̀ka Reform ń ka obìnrin mọ́ ọn, àti ọ̀pọ̀ ìjọ ẹ̀ka Conservative, látìgbà tí ìgbìmọ̀ òfin wọn ti fọwọ́ sí i ní 1973.

Wọn kì í nàka sí ènìyàn láti kà wọ́n. Gabbai á máa ka ẹsẹ kẹsàn-án Sáàmù 28 lábẹ́lẹ̀, «Gba àwọn ènìyàn rẹ là», nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá gééré ló wà nínú rẹ̀ ní Hébérù: Hoshia et amekha uvarekh et nachalatekha ur'em v'nas'em ad ha'olam. Ọ̀rọ̀ kan fún orí kan. Bí ó bá kan ad tí ènìyàn tán, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Nínú ìjọ kékeré, ẹ pe ẹni méjìlá ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ gbọ́ «mò ń bọ̀» lẹ́nu wọn, nítorí láàárín àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, kò sí fóònù tí ẹ ó fi pe ẹni kẹwàá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bó bá jẹ́ ewu ni rábì là kọjá

Talmud, nínú ìwé Berakhot ojú ewé 54b, ka ẹni mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ dúpẹ́: ẹni tó la òkun kọjá, ẹni tó rìn nínú aṣálẹ̀, ẹni tó ṣàìsàn tí ara rẹ̀ yá, àti ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n. Inú Sáàmù 107 ni wọ́n ti mú un. Ìbùkún tí wọ́n ń kà ni Birkat HaGomel. Ó dára kí ó jẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, a ṣì lè kà á.

Ìṣe rẹ̀ kò le. Gabbai á pe rábì sídìí Tórà. Nígbà tó bá ti ka ìbùkún ìparí tán, kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó dákẹ́ díẹ̀ kí ariwo rọlẹ̀, kó wá sọ pé: Barukh atah Adonai, Eloheinu melekh ha'olam, hagomel l'chayavim tovot, sheg'malani kol tov. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ń ṣoore fún ẹni tó jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ pàápàá, Ó sì ti ṣe gbogbo oore fún mi. Ìjọ á dáhùn: Amen. Mi sheg'malkha kol tov, hu yigmalkha kol tov selah, «Ẹni tó ṣe gbogbo oore fún ọ, kó máa ṣe gbogbo oore fún ọ lọ». Bó bá jẹ́ obìnrin ni rábì, sheg'malekh àti yigm'lekh ni wọ́n á lò.

Níbi ìdáhùn yìí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ mọ Amen, wọn kò mọ èyí tó kù, nítorí náà ẹni méjì á fọhùn, àwọn yòókù á máa kùn. Ẹ tẹ ìdáhùn náà sórí bébà gbàǹgbà gbàǹgbà, ní lẹ́tà Hébérù àti lẹ́tà tí gbogbo ènìyàn lè kà, kí ẹ fi sórí àga kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá ń fi kọ́ra, ẹ má pe Orúkọ Ọlọ́run, Adonai. Ẹ sọ pé «Hashem» dípò rẹ̀, kó má di ìbùkún asán.

Ojú ewé Talmud kan náà sọ ohun tó yẹ kí gbogbo rábì há sórí. Rav Yehuda ṣàìsàn, ara rẹ̀ yá, Rav Hana ará Baghdad àti àwọn ọlọ́gbọ́n mìíràn wá kí i. Wọ́n ní: «Ìbùkún ni fún Aláàánú tó fi ọ́ fún wa, tí kò fi ọ́ fún erùpẹ̀.» Ó dá wọn lóhùn pé wọ́n ti gba gbèsè ọpẹ́ kúrò lọ́rùn òun, nítorí òun ṣe Amen sí tiwọn. Ìjọ ló bá olùkọ́ dúpẹ́, Amen nìkan ni tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde lọ́jọ́ náà láti gbàdúrà fún rábì, kí rábì má fi ìtìjú dá a dúró. Kó ṣe Amen sókè.

Modim

Nígbà tí aṣáájú bá ń tún Amidah kà sókè, tó dé orí Modim, ìbùkún ọpẹ́, gbogbo ìjọ á tẹrí ba, wọ́n á sì ka Modim mìíràn lábẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Modim d'Rabbanan, Modim àwọn rábì, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ rábì ni wọ́n so pọ̀. Ìwé Sotah nínú Talmud, 40a, ka ohun tí ìkọ̀ọ̀kan wọn máa ń sọ, Rav Papa sì ní kí wọ́n kúkú ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú rẹ̀ ni rábì kan tí wọ́n ń pè ní Rav ti dúpẹ́ pé a tilẹ̀ lè dúpẹ́. David Abudarham, tó kọ̀wé ní Seville ní 1340, ṣàlàyé ìdí tí ìjọ kò fi lè dákẹ́ kí aṣáájú bá wọn kà á: ènìyàn lè rán aṣojú láti tọrọ nǹkan fún un, ṣùgbọ́n a kì í rán ènìyàn lọ dúpẹ́.

Èyí kan rábì gan-an. Ọ̀pọ̀ rábì ló máa ń yẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìwàásù wò ní àkókò yẹn, tàbí kí ó máa bá gabbai sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Lọ́jọ́ yìí, ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ tẹrí ba pẹ̀lú àwọn tó kù.

Ọ̀rọ̀ ìwàásù

Ìṣẹ́jú méje tó, mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú orí Tórà ọ̀sẹ̀ náà, kì í ṣe láti inú ìtàn ayé yín. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ̀ kúrò nínú Tórà látìbẹ̀rẹ̀ máa ń di ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì, àwọn ènìyàn á sì máa bi ara wọn bóyá rábì fẹ́ lọ ni.

Ẹ mú ohun kan tí ẹ fi ojú yín rí, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má yin ìwà. Ẹ ròyìn ìṣe. «Ẹ jẹ́ ọlọ́yàyà, ẹ jẹ́ onínúure» kò wọ ẹnikẹ́ni lára, torí a lè sọ ọ́ ní ìjọ èyíkéyìí. Ẹ gbìyànjú irú èyí:

«Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí òjò dídì bo ojú ọ̀nà, mo débí ní aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná ti wà lójú fèrèsé. Ẹnì kan ti gbọ́n yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó sì da iyọ̀ sí i. Bàtà ẹni mẹ́jọ ló ń kán omi lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni ìkẹsàn-án. A jókòó, a kò sọ̀rọ̀, a ń gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìkẹwàá wọlé, ọ̀kan nínú yín tó ní baba rẹ̀ láti ka Kaddish fún dìde dúró, kò sì sí ẹni tó wo ẹlòmíràn lójú. Mo ti kọ́ nípa minyan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí.»

Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀.

Ohun tí a ní kí ẹ yẹra fún kò pọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó. Ẹ má sọ ìjọ di ọmọ wẹ́wẹ́ tí rábì tọ́ dàgbà, torí nínú ìjọ kan náà ni rábì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan. «Má ya ara rẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ» ni ọ̀rọ̀ Hillel, ọlọ́gbọ́n àtijọ́, ó sì kan olùkọ́ pẹ̀lú. Ẹ má sì tọrọ owó lọ́jọ́ náà, kódà bí òrùlé bá ń jò. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan parí, ìwé òfin Mishnah, Berakhot 4:2, ní èyí tó bá a mu: Rábì Nehunya ben Hakanah máa ń gba àdúrà kúkurú nígbà tó bá ń wọ ilé ẹ̀kọ́, kí àṣìṣe má ti ọwọ́ òun wá, àti nígbà tó bá ń jáde, láti dúpẹ́ fún ìpín òun.

Rábì tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò rọ̀ lọ́rùn lè kọ ewì. Ní Recife, ní etíkun Brazil, nígbà tí àwọn Dutch ń ṣàkóso ibẹ̀, Isaac Aboab da Fonseca ni rábì ìjọ Kahal Zur Israel láti 1642. Ní 1646 àwọn Potogí há ìlú mọ́, ebi sì fẹ́ pa wọ́n kú kí ọkọ̀ ojú omi tó kó oúnjẹ dé. Aboab kọ ewì ọpẹ́ ní Hébérù lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn, ọ̀kan lára ìwé Hébérù tó kọ́kọ́ jáde láti ọwọ́ òǹkọ̀wé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjọ náà tú ká ní 1654. Ewì náà ṣì wà.

Tábìlì

Fún ènìyàn 60: bí ẹ bá pín mílílítà 40 wáìnì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ lítà 2.4, nítorí náà ìgò mẹ́rin onímílílítà 750 tó, kí méjì nínú wọn jẹ́ omi èso àjàrà fún àwọn ọmọdé àti àwọn tí kì í mu ọtí. Ife ẹni tó ń ka Kiddush gbọ́dọ̀ kún. Rábì Chaim Naeh fi ìwọ̀n rẹ̀ sí mílílítà 86, rábì mìíràn tí wọ́n ń pè ní Chazon Ish sì fi sí 150. Ẹ mú ife tó gba 150, ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn wáìnì, kí gbogbo ènìyàn jẹ kéèkì tó tó ìwọ̀n èso ólífì ó kéré tán, nítorí Kiddush kò dúró láìsí oúnjẹ níbi tí a ti kà á.

Cholent ni oúnjẹ gbígbóná ọjọ́ náà, àsáró ẹ̀wà, ọkà báálì, ọ̀dùnkún àti ẹran tó ń sun orí iná mọ́jú. Nínú ìkòkò lítà 20: ẹ̀wà gbígbẹ kílò 1.5, báálì gíráàmù 750, ọ̀dùnkún kílò 4, ẹran màlúù kílò 3.5, àlùbọ́sà kílò 1.5, áyù, iyọ̀, àti ata gígún tí kò ta púpọ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ da omi rẹ̀ nù. Bí ẹ̀wà pupa bíi kíndìnrín bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Iná jẹ́jẹ́ nìkan kì í pa májèlé inú rẹ̀, ìjọ tí ẹ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn á sì máa bì. Ẹ din àlùbọ́sà àti ẹran, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí omi fi ìka mẹ́ta ga ju oúnjẹ lọ. Kó ti jinná dé ibi tí a lè jẹ ẹ́ kí Sábáàtì tó wọlé. Ìṣẹ́jú 18 ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń tan àbẹ́là. Ẹ gbé e sórí blech, irin pẹlẹbẹ tí a fi bo ojú iná kí ẹnikẹ́ni má lè yí i sókè tàbí sílẹ̀.

Omi tó gbẹ mọ́jú ló ń bà á jẹ́ jù, nítorí a kò lè bu omi tútù sí i lọ́jọ́ Sábáàtì. Ẹ fi fóìlì bo ẹnu ìkòkò kí ẹ tó dé e, kí iná sì kéré ju bí ẹ ti rò lọ. Láàárọ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná kí ẹ tó ki ìgbakọ bọ̀ ọ́; a kì í ro ó lórí iná. Cholent tó dára máa ń ní àwọ̀ bíi ti kòkó, báálì rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ọbẹ̀, ọ̀dùnkún ìsàlẹ̀ sì ti pọ́n dẹ́ẹ́dẹ́ẹ́. Nítorí ẹran tó wà nínú rẹ̀, tí òfin Júù kò sì jẹ́ kí a jẹ ẹran pọ̀ mọ́ mílíìkì, kí mílíìkì má dé orí tábìlì, kódà fún tíì. Ẹ sọ fún àwọn àlejò tí kì í ṣe Júù ṣáájú kí wọ́n má se oúnjẹ wá láti ilé. Èso tútù tí a kò tíì gé ni kí wọ́n mú wá.

Kí rábì fúnra rẹ̀ di ìgbakọ mú. Ènìyàn 60 á kọjá níwájú rẹ̀, á bu oúnjẹ fún ìkọ̀ọ̀kan, á sì sọ gbólóhùn kan fún wọn. Níbẹ̀ ló ti lè dárúkọ.

Abọ́ àti ìkòkò tí a kò ní lò mọ́ lọ́jọ́ náà, a kì í fọ̀ wọ́n títí Sábáàtì yóò fi jáde. Ẹ kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ, tí wọ́n ti ka Havdalah, kí rábì ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, kó lọ síbi ìfọbọ́ ṣáájú àwọn tó sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìkòkò cholent máa ń gan. Ẹ da omi gbígbóná àti sódà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ tó fi kànìnkànìn kọlù ú.